Ṣé Ẹ̀yin Ni, Dádì?

"Àǹtí Dásọ́lá, ẹ̀yin náà gbé ìjẹ mì bí ẹja!"

Jabez ló sọ bẹ́ẹ̀, lójú gbogbo ọ́fíìsì. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wọn tó ń ṣe kẹ́ẹ̀gì ní Ṣàngó-Ọ̀tà. Láti dán wọn wò, ó kọ ímeèlì ayédèrú sí wọn lórúkọ Dádì, ọ̀gá àgbà wọn: "Ọmọ mi, mo wà nínú àdúrà, má pè mí. Tẹ ibí yìí, kí o fi páswọ́ọ̀dù rẹ síbẹ̀." Wéré, Dásọ́lá ti tẹ̀ ẹ́.

Dásọ́lá rò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ wo lèyí, tí wọ́n ń fi ìtìjú kọ́ni?

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Dásọ́lá dáhùn. "Dádì ní kí n má pe òun, kí n wá pè é?"

"Ẹ pè é, àǹtí! Gbájúẹ̀ kì í fẹ́ kí èèyàn béèrè. Ẹ ní, 'Ṣé ẹ̀yin ni?'"

Ìyá Ẹfúnróyè, àgbà ọ́fíìsì, tí kò ṣubú nínú ìdánwò náà nítorí pé kì í ṣí ímeèlì rẹ̀ láéláé, bú sẹ́rìn-ín. "Jabez, ilé ta ni wọ́n ti tọ́ ẹ? Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ wo ló ń bi àgbà pé ṣé òun ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi Dásọ́lá. Ọwọ́ rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ wà: orúkọ, ilé, àkáǹtì báǹkì. Dádì sì ti sọ ọ́ níbi àdúrà àárọ̀ pé ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kejì yóò lọ máa to kẹ́ẹ̀gì nísàlẹ̀, níbi tí ooru ẹ̀rọ ti ń se èèyàn bí ẹ̀wà.

Látìgbà náà, ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní Àtàn fi fọ́tò ọmọ tuntun ránṣẹ́, kò ṣí i.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ímeèlì Dádì tún dé. "Ọmọ mi, mo wà ní ìpàdé. Fi àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi kíákíá. Má pè mí."

Ó wo Jabez. Jabez mi orí. "Èmi kọ́ o, àǹtí. Ọlọ́run ń gbọ́."

"Fi ránṣẹ́ jàre," ni Ìyá Ẹfúnróyè wí. "Tó bá jẹ́ Dádì ńkọ́?"

"Tí kì í bá ṣe Dádì ńkọ́, mà?"

Dásọ́lá gbé fóònù, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, bí ẹni pé bàbá náà ń wò ó.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí mi?"

"Dásọ́lá! Ṣé mi ò ní kí o má pè mí ni? Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Olè, sà."

Ìyá Ẹfúnróyè káwọ́ lérí.

"Kí lo wí?"

"Olè, sà. Òun náà máa ń ní kí n má pè yín."

"Èmi ni. Fi ránṣẹ́!" Ó pa fóònù.

Dásọ́lá fi ránṣẹ́. Kò tíì jókòó dáadáa tí ímeèlì mìíràn fi wọlé: "Ọmọ mi, fi ẹ̀dà mìíràn ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tuntun yìí. Má tún pè mí o."

"Dásọ́lá," Ìyá Ẹfúnróyè bẹ̀ ẹ́, "nítorí Ọlọ́run, gbọ́ràn."

Dásọ́lá mí kanlẹ̀. Ó tún padà sórí eékún, ó sì tẹ nọ́ńbà Dádì.