Ìlà Tí Kò Sinmi

Ìlà ojú kọ̀ǹpútà náà tún fò sókè. Onímọ̀ ẹ̀rọ pòṣé. Nínú yàrá ìwádìí, láàárín ògiri tó ń dínà mọ́ agbára òòfà ìta, ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń mọ̀ bí ọkàn ènìyàn ṣe ń lù láìfara kan ara. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé inú yàrá ìwádìí? Ìdí nìyẹn tó fi gbé e wá sẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀ láti dán an wò.

Ohunkóhun tó bá ní irin tàbí iná lè da ìlà náà rú, ìdí nìyẹn tó fi ti pa ẹ̀rọ amómitutù. Ó ti bẹ aládùúgbò kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́bàá ògiri. Ó wá ku àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó ń tẹ fóònù.

"Dìde níbẹ̀ yẹn."

"Kí ni mo ṣe, Àǹtí mi?"

"Ṣáà dìde, kó o jáde sí títì."

Ó jáde láìjiyàn, àìjiyàn náà sì tún ń kọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóminú. Látìgbà tí òun ti wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni bàbá àti àbúrò yìí ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí òun bá ti wọlé, kẹ́kẹ́ á pa. Wọ́n á ní àwọn ń lọ ra òwú. Wọ́n á dé lọ́wọ́ òfìfo. Bẹ́ẹ̀, àbúrò yìí ló sọ lọ́jọ́sí pé ilé náà ti tóbi jù fún bàbá. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó fẹ́ talé ni.

Ìlà náà tún fò.

Bàbá, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbẹ̀. "Bóyá ara ẹ̀rọ ẹ ni ò yá."

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ wọlé ná."

Bàbá wọlé, ìlà náà rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó jáde padà. Ìlà náà ta sókè.

"Kí lẹ ní lára?"

"Abẹ́rẹ́ ni." Ó yọ ọ́ kúrò lọ́rùn ẹ̀wù. Ó bọ́ aago, ó tú bẹ́líìtì. Ìlà náà kò dákẹ́. Ẹ̀rín ti kúrò lójú bàbá. Ó ti fọwọ́ bo àyà rẹ̀ lápá òsì.

"Bàbá?"

Ó tú bọ́tìnnì. Àpá kan wà lábẹ́ eegun èjìká rẹ̀, ohun kan sì yọ gọngọ lábẹ́ awọ ara.

"Ọkàn mi ló ń gbàgbé láti lù. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan síbẹ̀ kó máa rán an létí. Àbúrò ẹ ló ń mú mi lọ sílé ìwòsàn. Èmi ni mo ní kó má sọ fún ẹ. Bó o bá gbọ́, wàá fiṣẹ́ sílẹ̀."

Àbúrò náà ti padà dé ẹnu géètì, ó ń dúró kí wọ́n pe òun wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la ẹnu láti pè é, ó wá rí i pé ó ti rù, pé ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ wà nílé, òun kò tíì bi í lẹ́ẹ̀kan pé ara ńkọ́.