Ẹni Tí Kò-tíì-tán Yọ Kúrò Nínú Ìwé

Kò-tíì-tán ni àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì rẹ̀, agogo á lù, á tún lù, kò ní tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí ìwé ìtàn tó fi ọdún mẹ́fà kọ fún àwọn ọ̀dọ́ di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́fà ọ̀rọ̀.

Olóòtú ilé ìtẹ̀wé fẹ́ràn ìwé náà, àmọ́ ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin péré ni òun lè tẹ̀.

"Ọ̀dọ́ wo ló máa gbé ìwé tó nípọn tó báyìí? Ẹ má wulẹ̀ máa ṣa ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ò ní débẹ̀. Èèyàn kan ni kẹ́ ẹ yọ. Ẹ yọ àbúrò yẹn. Ìtàn á ṣì máa lọ."

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún olóòtú? Àbúrò Kò-tíì-tán gan-an ni àbúrò inú ìwé náà, èyí tó kú lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Bàtà ẹ̀gbọ́n tó máa ń wọ̀ jáde láìtọrọ wà níbẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sín náà wà níbẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, Kò-tíì-tán a máa kà á fún ìyá wọn, ẹni tí ojú rẹ̀ kò rí lẹ́tà mọ́.

Ọdún mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà. Ó yọ ọ́. Àga mẹ́rin ló yí tábìlì ká nínú ìwé náà, ó sọ ọ́ di mẹ́ta. Ẹ̀rín yẹn nìkan ni kò lè parẹ́, ló bá fi ìlà méjì gbé e fún obìnrin aládùúgbò kan. Ní ọjọ́ Ajé, ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ọkàn rẹ̀ sì ń dá a lẹ́bi bí ẹni tó jalè.

Nígbà tí ìwé jáde, ó gbé e lọ fún Màmá. Bí wọ́n ṣe dé orí kẹta, Màmá ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sílẹ̀, ó ń retí ẹni tó máa wọ bàtà oníbàtà wọlé. Aládùúgbò ló wọlé.

"Dúró ná. Ta nìyẹn?"

"Aládùúgbò ni, Màmá."

"Kí ló dé tó ń rín ẹ̀rín ọmọ mi?"

Kò-tíì-tán pa ìwé náà dé. Ó ṣàlàyé: ìwé ti gùn jù, àwọn ọ̀dọ́ kì í ka ìwé gígùn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní kó kúrò.

"Ọdún mọ́kàndínlógún péré ló lò," ni Màmá wí. "Mo rò pé èyí tí wọ́n gé nínú tiẹ̀ ti tó."

Kò-tíì-tán bú sẹ́kún. Màmá na ọwọ́, ó ń wá orúnkún rẹ̀ títí ó fi bà á.

"Ó tó. Tún ibi tí aládùúgbò yẹn ti rẹ́rìn-ín kà fún mi."

Ó kà á. Ìlà méjì ni.

"Tún un kà."