Ọ̀rọ̀ Kan ní Ẹnubodè Laos

Ìbẹ̀rù ni mo bá jí lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, òun náà ni mo sì gbé wọ bọ́ọ̀sì. Tilda ọmọ mi wà lórí ẹní nínú ilé wa ní Da Nang, ibà ẹ̀fọn, irú èyí tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ jáde lára, ló mú un, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Èmi ìyá rẹ̀ sì ń lọ sí ẹnubodè Laos láti lọ gba òǹtẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbé irú ayé wa rí lè bèèrè pé irú ìyá wo nìyẹn. Mo bi ara mi náà. Àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun nílẹ̀ onílẹ̀, àṣẹ àlejò ni ìjọba fi ń gbà wá wọlé. Bí àṣẹ náà bá ti fẹ́ parí, a ó jáde nílùú, a ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kejì, a ó sì tún fi àṣẹ tuntun wọlé, bí ẹni tó yọjú síta lọ da omi ìfọṣọ nù. Àṣẹ tèmi ń parí lọ́jọ́ náà gan-an. Ti Tilda ṣì kù, nítorí láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ ìwé ìrìnnà mi ni ọjọ́ tèmi àti tirẹ̀ ti yapa. Bí mo bá jókòó tì í, mo di arúfin lọ́la, wọ́n sì lè lé mi jáde kí wọ́n má gbà mí wọlé mọ́. Dókítà ti wò ó. Ó ní kó sinmi nílé, kó máa mu omi, ká gbé e wá kíákíá bí nǹkan bá yí padà. Ìyá Thoa, onílé wa, tí a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà, ló tì mí jáde.

"Lọ, ọmọ mi. Nínú èmi àti ìwọ, ta ló ti tọ́ ọmọ márùn-ún dàgbà?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo eyín rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀..."

"Mo ní lọ! Ẹnu òyìnbó yìí mà pọ̀ o. Bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè ọ́."

Nínú bọ́ọ̀sì, Wiktor jókòó tì mí. Ọmọ ilẹ̀ Poland ni. Ó ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó ń kọ́lé ní ìlú tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí, ó sì ti pẹ́ nínú ìrìnkiri yìí jù mí lọ. Ìyá Ìjọ ló máa ń pè mí, nítorí mo máa ń kọ orin ìyìn sábẹ́ imú bí mo bá ń ṣiṣẹ́.

"Ìyá Ìjọ, ẹ jẹ́ ká ka kátíkísìmù wa," ó ní. "Kí lẹ wá ṣe ní Vietnam?"

"Mo wá wo etíkun."

"Níbo lẹ ń gbé?"

"Hòtẹ́ẹ̀lì ni mo dé sí."

"Èdè wọn ńkọ́?"

"Mi ò gbọ́ ọ."

"Ẹ má gbọ́ ọ o! Èyí tí ẹ máa ń sọ yẹn, bí ìyàwó apẹja lẹ ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n níwájú wọn, wọ́n á ní èló lẹ ń ta edé."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè mẹ́ta ló bi mí yẹn, irọ́ ni mo sì fi dá a lóhùn ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì kọsẹ̀. Mo yíjú sí fèrèsé. Bọ́ọ̀sì ti ń gun òkè, ìkùukùu ti bo oko ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀, n kò sì rí ohun tó wà níwájú wa. Mo gbàdúrà pé kí Olúwa dá ọmọ mi sí. Nígbà tí mo fẹ́ gbàdúrà nípa ẹnubodè, ọ̀rọ̀ kò jáde. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ Ọlọ́run òtítọ́ pé kó bá mi ti irọ́ mi lẹ́yìn?

A jáde láìsí wàhálà. A rìn kọjá sí apá Laos, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ fún wa, a sì yí padà bí àwọn tó gbàgbé nǹkan sílé. Wiktor ló ṣáájú mi lórí ìlà. Ó gbé fìlà etíkun ńlá kan lé orí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀dọ́ àgùntàn. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ láì bi í ní nǹkan kan.

Bí ó ti fẹ́ kàn mí, fóònù mi dún. Ìyá Thoa ni.

"Ọmọ mi! Ẹ bá mi yin Olúwa! Ibà ti lọ o! Mo fọwọ́ kàn án báyìí, ara rẹ̀ tutù bí omi kànga!"

Dókítà ti kìlọ̀ fún mi: ibà ẹ̀fọn yìí, ìgbà tí ara bá gbóná kọ́ ló ń pani. Ìgbà tí ara bá tutù lójijì ni omi ẹ̀jẹ̀ máa ń jò kúrò nínú iṣan. Ìyá á máa dúpẹ́, ọmọ á máa lọ.

"Ìyá, ṣé ó ti tọ̀ lónìí?"

"Tọ̀ kẹ̀? Ó kàn ń sùn ni. Ó ní inú ń dun òun, mo fi òróró pa á."

"Ìyá, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù! Ẹ má dúró! Ẹ gbé e nísinsìnyí! Mò ń bọ̀ nílé, Ìyá, mò ń bọ̀ nílé kíá!"

Bí mo ti pariwo rẹ̀ nìyẹn, ní èdè Vietnam, pẹ̀lú ohùn àwọn ará Da Nang tí Ìyá Thoa fi kọ́ mi. Àwọn ènìyàn yìí ní ọ̀rọ̀ méjì fún ìrìn. Đi ni ti ẹni tó ń lọ síbì kan, ibi yòówù kó jẹ́. Về ni ti ẹni tó ń padà sí ibi tó jẹ́ tirẹ̀. Àlejò kì í wí về. Kò sí ẹni tó wá wo etíkun tí í wí về. Ìgbà méjì ni mo sì ké e.

Gbogbo ìlà yíjú sí mi. Wiktor kọjú sí ògiri.

Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn gíláàsì ti ń hewú. Ó na ọwọ́ sí mi. "Àbúrò, sún mọ́ ìhín."

Mo sún mọ́ ọn. Mo fi ìwé ìrìnnà mi fún un.

"Ta ló kọ́ ẹ ní èdè wa?"

Wiktor ti yíjú padà, ó ń mi orí fún mi pé kí n má dáhùn. Mo ṣì lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ronú kan Tilda lórí ẹní, ìtìjú sì mú mi.

"Onílé mi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Onílé." Ó ṣí ìwé náà, ó ń wo àwọn òǹtẹ̀ tó ti kún inú rẹ̀, ó ń fi ìka tọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Àlejò ní onílé. Ilé wo lo ní ò ń padà sí?"

"Da Nang. Ọmọ mi wà níbẹ̀, ara rẹ̀ kò yá. Ibà ẹ̀fọn ni, ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù ni."

Ó gbé ojú sókè kíá nígbà tí mo wí pé ara rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ó bi mí ní èyí tí mo ń bẹ̀rù jù.

"Kí lò ń ṣe ní Da Nang?"

Etíkun wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"Mò ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ fíìmù fún àwọn adití, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Canada ni àwọn tó ń gbà mí síṣẹ́ wà."

"O mọ̀ pé mo lè fi ohun tí o sọ yìí dá ẹ padà sí Laos?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí o fi sọ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ọmọ mi ń bà mí ju ẹ̀rù yín lọ."

Ó dìde, ó mú ìwé mi dání, ó wọ yàrá kan lọ, ilẹ̀kùn sì tì. Wọ́n ní kí n jókòó sórí àga onípáànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Wiktor sáré wá. "Ìyá Ìjọ! Etíkun! Ọ̀rọ̀ kan péré! Kí ló burú nínú etíkun?" Lẹ́yìn náà ló rí ojú mi. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì jókòó. "Ṣé Tilda ni?"

"Òun ni."

Bọ́ọ̀sì ti ń fun fèrè. Ó ní òun ò ní fi mí sílẹ̀, mo ní kó má ṣe wèrè, kó wọkọ̀ lọ, kó lọ bá mi wo ọmọ mi. "Bí wọn ò bá jẹ́ kí n wọlé, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó dá wà láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀." Ọkùnrin tó ń fi gbogbo nǹkan ṣẹ̀fẹ̀ yìí, kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe. Ó fún mi ní búrẹ́dì rẹ̀, ó sì sáré jáde.

Mo pe Ìyá Thoa. Kò gbé e. Mo tún pè é. Fóònù ń dún lásán. Mo ń rí fóònù náà lójú ọkàn bí ó ti wà lórí ilẹ̀ ilé wa, níbi tí wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i pé Tilda kò dáhùn mọ́. Odò kan péré ló wà láàárín Laos àti ilẹ̀ tí ọmọ mi wà, mo ti rékọjá rẹ̀, síbẹ̀ n kò tíì dé ibì kankan. Láti ìgbà tí baba Tilda ti kú, tí owó ilé ní Winnipeg, ìlú wa ní Canada, sì ti borí agbára mi, mo ti máa ń fi yangàn pé ilé mi wà nínú àpò ẹ̀yìn mi, pé ibi tí mo bá ti rí iná àti íńtánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni mo ti wà lálàáfíà. Wàyí o, ìlà kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa fà sílẹ̀ ló dá mi dúró. Mo wá àdúrà, n kò rí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fi imú kọ orin ìrọ̀lẹ́ tí ìyá mi máa ń fi rẹ̀ mí, láìsí ọ̀rọ̀, bí ẹni ń mí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Òṣìṣẹ́ náà jáde pẹ̀lú ìwé mi. "Pe onílé rẹ. Èmi ni yóò bá a sọ̀rọ̀."

Mo pè. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbé e. Òṣìṣẹ́ náà gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ìyá, mo fẹ́ mọ ohun tí obìnrin yìí, Justina, jẹ́ sí yín."

Ohùn Ìyá Thoa jáde débi pé gbogbo ìlà gbọ́ ọ. "Ìwọ ta ni? Ṣé dírẹ́bà ni? Dírẹ́bà burúkú, kí lo dúró ń ṣe lójú ọ̀nà? A ti dé ọsibítù, wọ́n ti fa omi sí ọmọ lápá, ó ń ké pe ìyá rẹ̀! Wakọ̀!"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Òṣìṣẹ́ náà mú fóònù jìnnà sí etí. "Ìyá, èmi kì í ṣe dírẹ́bà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, ní ẹnubodè."

"Hẹn-ẹn! Òṣìṣẹ́ ìjọba kì í ní ìyá ni? Àbí inú ẹyin ni wọ́n ti pa ẹ́?"

Ó dá fóònù padà fún mi. Ó lọ jókòó sẹ́yìn gíláàsì rẹ̀. Ó gbé òǹtẹ̀, ó dúró, ó tún wò mí.

"Ọmọ tó wà ní ọsibítù ni mò ń tẹ̀ ẹ́ fún. Kì í ṣe ìwọ. Orúkọ rẹ ti wà lọ́wọ́ wa báyìí. Bí èyí bá parí, má padà wá síbí. Ẹni tó wá ṣiṣẹ́ ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, àlejò ní tirẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á..."

"Lọ!"

Bọ́ọ̀sì ti lọ. Ọkọ̀ kan tó kó ẹlẹ́dẹ̀ ló gbé mi, mo sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tí kò yé bọ́ mi ní èso gbígbẹ. Ìlú mélòó kan la kọjá, n kò rí ìkankan nínú wọn. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá gbọ̀n ni ọkàn mi ń já.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo wọ ọsibítù. Wiktor jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Nọ́ọ̀sì ní títí di ọ̀la ni àwọn yóò máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá la òru já, ó yè.

Tilda rọ jọwọrọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ìyá Thoa di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí ọmọ gbé mọ́ lọ́wọ́.

"Kí ni àwọn ará ẹnubodè wí?" ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Wọ́n ní kí n wọlé sọ́dọ̀ ọmọ mi."

N kò sọ ìyókù. Mo kúnlẹ̀, mo gbé etí lé àyà Tilda. Ó la ojú díẹ̀.

"Máámà, ẹ ń rùn bí ẹlẹ́dẹ̀."

Ìyá Thoa bú sẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún pọ̀ mọ́ ọn. Èmi kò tíì lè ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Mo gbé ife omi sí i lẹ́nu, mo ń wo ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé omi náà mì. Lẹ́yìn náà ó tún la ẹnu, ó ń dúró de òmíràn.