Ìwé Tó Dá Àsmá'ù Láre

Ìpolówó lásán ló kó bá Àsmá'ù. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ta sóbò fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Alábàtà, ohun tó sì máa ń ké ni pé, "Ẹ mu ún lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ yín á mọ̀nà padà." Ata ilẹ̀, kànáfùrù àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló ń mú ẹsẹ̀ mọ̀nà padà, kò sí nǹkan mìíràn.

Lọ́sẹ̀ tí ọmọkùnrin kan mu sóbò tí wọ́n po igbó mọ́ níbi àríyá, tó sì dákú, àwọn tó ń gbógun ti oògùn olóró ya wọ àdúgbò. Wọ́n gbọ́ ìpolówó Àsmá'ù.

"Màmá, kí ló wà nínú ẹ̀ tó ń dá wọn padà?" Ládépọ̀, ọ̀gá wọn, ló béèrè. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Àsmá'ù rẹ́rìn-ín. "Àṣírí ọwọ́ mi nìyẹn." Ta ni yóò ka èròjà ọjà ẹ̀ sójú títì, káwọn tí wọ́n jọ ń tà á gbọ́? Àmọ́ ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n kó sóbò lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní kò gbọdọ̀ tà mọ́ títí èsì yóò fi dé.

Oṣù mẹ́ta gbáko. Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ládépọ̀ á dìde kí i, á fa àga fún un, á ní, "Kò tíì dé, mà." Inú ń bí Àsmá'ù, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tí kò rí i fín jà?

Nígbà tí èsì dé, Ládépọ̀ fúnra ẹ̀ ló mú un wá tayọ̀tayọ̀. "Wọn ò rí oògùn kankan, mà. Ẹ lẹ ìwé yìí mọ́ ara kúlà yín. Òfin ni. Bá ò bá rí i níbẹ̀, a tún máa kó sóbò yín."

Àsmá'ù ò mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú kúlà gbàgàdà. Àwọn ọmọ ń bọ̀, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kà á, wọ́n ń kọjá lọ. Lọ́jọ́ kẹta, Tèmilọlá, oníbàárà ẹ̀ tí kì í pa ọjọ́ kan jẹ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kà á.

"Ẹ kú ọjà, mà. Kí ló dé tí wọ́n kọ drugs síbí?"

"Ó ní kò sí nínú ẹ̀ ni."

"Mo rí i, mà. Àmọ́ kí ló mú wọn yẹ̀ ẹ́ wò?"

Àsmá'ù ṣàlàyé títí, ó wá dà bí irọ́ létí òun gan-an. Tèmilọlá mi orí. "Mo ń bọ̀, mà." Ó sọdá sọ́dọ̀ ìyá oníyọ́gọ́ọ̀tì, tí kò lẹ ìwé kankan mọ́ kúlà tiẹ̀.

Àsmá'ù pe Ládépọ̀ lórí fóònù, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun ya ìwé náà kúrò.

"Màmá, òun ló ń dáàbò bò yín."

"Lọ́wọ́ ta ni?"



"Lọ́wọ́ wa, mà."