Àròkọ Aunty Salimat

Kò sí ẹni tó fipá mú Salimat padà sílé ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ó ti pẹ́ tó tí òun ti ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Ellenwood, ní Amẹ́ríkà, òun náà fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wá sọ fún un pé àfi kó kọ́kọ́ yege nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bí obìnrin tó ti lé lógójì ọdún ṣe bá ara rẹ̀ ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn ọmọ tí kò ju Iman, ọmọ bíbí inú rẹ̀, lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Damaris, olùkọ́ wọn, ní kí wọ́n jókòó ní méjì méjì, kí oníkálukú ka àròkọ ẹnì kejì rẹ̀, kó sì sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún un láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Jìmí ló bọ́ sọ́wọ́ Salimat.

Ọmọ Yorùbá ni Jìmí, Suwanee, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbẹ̀ náà, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ìyá rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeré nílé. Nítorí náà, láti ọjọ́ tó ti gbọ́ orúkọ Salimat, bó bá ti rí i báyìí, á tẹ̀ ba díẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ma," àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa wò ó bí ìran.

Jìmí ka àròkọ Salimat tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dáa gan-an, Aunty."

"Níbo ló ti dáa?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, ma."

Salimat mọ̀ pé irọ́ ni. Àròkọ tó kọ ṣáájú, D ni Damaris fún un, ó sì kọ ọ́ sí i pé òun ò rí ẹni tó kọ ọ́ nínú rẹ̀ rárá. Salimat ka ọ̀rọ̀ yìí títí, kò yé e. Ṣebí orúkọ òun ló wà lókè ìwé?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọmọkùnrin kan ń sọ fún ọmọbìnrin kan pé ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ̀ mú kí oorun máa kun òun, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Ó wu Salimat kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún òun náà.

"Jìmí, ṣé o fẹ́ kí n féèlì ni?"

"Rárá o, ma!"

"Sọ òótọ́ fún mi nígbà náà. Gbàgbé Aunty. Salimat ni mò ń jẹ́ níbí."

Ọmọ náà la ẹnu. "Sa..." Ọ̀rọ̀ há a lọ́fun. "Aunty, mi ò lè pè é. Tí Mummy mi bá gbọ́, wọ́n á pa mí."

Ẹ̀rín pa Salimat. Jìmí náà rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì tú ahọ́n rẹ̀.

"Aunty, ẹ má bínú o. It's boring. Ẹ ní ẹ̀kọ́ dáa, ẹ ní iṣẹ́ àṣekára dáa, ẹ ní kí àwọn ọ̀dọ́ má ṣọ̀lẹ. Ó dà bíi pé pásítọ̀ ń wàásù. Ṣùgbọ́n ibí yìí..." Ó fìka sórí ìlà kan. "Ẹ ní ọkọ yín kọ́ yín ní mọ́tò wíwà ní parking lot mall kan kí wọ́n tó kú. Mo fẹ́ gbọ́ ìyẹn sí i, ẹ sì tún padà sórí iṣẹ́ àṣekára."

Salimat wo ìlà náà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ gé ọ̀rọ̀ Surajudeen, ọkọ rẹ̀, kúrú ni, kí àwọn ọmọ kéékèèké má baà máa káàánú òun.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ma?"

"Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń ké Bisimilahi ní gbogbo kọ́nà. Wọ́n ní kí n tẹ búréèkì, iná ni mo tẹ̀, mọ́tò fò síwájú. Mo kọ lu àwọn kẹ̀kẹ́ tí èèyàn fi ń rajà, gbogbo ẹ̀ fọ́n káàkiri. Mo rò pé wọ́n máa pariwo mọ́ mi ni. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí kọnkéré, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn. Wọ́n ní, 'Salimat, o ò kúkú bẹ̀rù.' Àwa méjèèjì la jọ to kẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn padà. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àìsàn..."

Jìmí ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ma." Lẹ́yìn náà ló ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, Aunty. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí."

Salimat nu ojú, ó fa àròkọ Jìmí sọ́dọ̀. Òun ní tiẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tó há a lọ́fun bíi ti Jìmí.

"Orí fóònù lo ti kọ eléyìí, nínú ọkọ̀ ojú irin, láàárọ̀ yìí. Àbí mo parọ́?"

Jìmí dorí kodò. "Ẹ jọ̀ọ́, ma."

"Lọ tún un kọ."

Lópin ọ̀sẹ̀, Salimat tún tirẹ̀ kọ. B ló padà gbà, Damaris sì fa ìlà pupa sábẹ́ oríṣiríṣi nǹkan. Ṣùgbọ́n kó tó fi ránṣẹ́, ó ní kí Iman bá òun yẹ sípẹ́lì rẹ̀ wò. Iman ń kà á lọ nídìí tábìlì ìdáná, ó dé ibi tí bàbá rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó dúró.

"Mummy, ẹ ò sọ eléyìí fún mi rí. So Daddy just sat there, wọ́n ń laugh?"

"Lórí kọnkéré, pẹ̀lú aṣọ Jímọ̀ lọ́rùn."

Iman fa àga sún mọ́ ọn. "Ẹ sọ ọ́. From the beginning."

Salimat pa iná ọbẹ̀, ó jókòó.