Íǹkì Tó Gbẹ Lọ́jọ́ tí Bàbá Sọnù

"Ojú wọn dà?"

Fọláṣadé gba ìwé ìkéde náà lọ́wọ́ Motúnráyọ̀ atẹ̀wé, ó gbé e sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìlà funfun ti gé àwòrán bàbá rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Etí nìkan ló hàn.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Íǹkì ló gbẹ."

Láti àná ni Bàbá Ògúnlànà, tí ogbó ti ń mú kó máa gbàgbé nǹkan, ti jáde nílé Fọláṣadé ọmọ rẹ̀ ní Arámọkọ, tí kò sì padà.

Motúnráyọ̀ mọ ohun tó fà á. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé bí kò bá tilẹ̀ sí oníbàárà, kó máa tẹ ìwé aláwọ̀ kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí íǹkì má baà gbẹ mọ́ ẹnu ike rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí tírásífómà àdúgbò ti jó, ó ń ṣọ́ epo jẹnẹrétọ̀ lò. Aṣọ ló fi bo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ ò lè fi ránṣẹ́ lórí fóònù?"

"A ti fi ránṣẹ́ látàná. Mélòó nínú àwọn tó wà lóko ló ń wo fóònù? Òjò sì ń ṣú, Motúnráyọ̀."

Motúnráyọ̀ da omi gbígbóná inú fúláàsì rẹ̀ sínú àwo, ó fi omi tútù là á. Ó yọ ike íǹkì dúdú àti ti aláwọ̀, ó rẹ ẹnu wọn sínú omi náà, ó sì gbé wọn lé tíṣù. Bó bá fi agbára nù wọ́n, wọ́n á bàjẹ́ pátápátá. Kò sí ohun tó kù ju kí wọ́n dúró.

"Kí ni bàbá sọ kí wọ́n tó jáde?"

"Ohun tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́ náà ni. Pé ilé làwọn ń lọ. Ìgbà tí màmá mi kú ni mo mú wọn kúrò ní Ẹ̀rìjìyàn. A ti débẹ̀. Àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn."

Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀, dúdú yọ dáadáa, ṣùgbọ́n pupa kọ̀ jálẹ̀.

"Fìlà pupa ni wọ́n dé," Fọláṣadé sọ, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Bá a bá dúró de pupa, ilẹ̀ á ṣú." Motúnráyọ̀ kọ FÌLÀ PUPA gàdàgbà sábẹ́ àwòrán náà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ ní dúdú títí íǹkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ó ti ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdókọ̀ àti gbogbo ojú ọ̀nà Ẹ̀rìjìyàn. Wọn ò tíì lẹ̀ ẹ́ tán tí fóònù Fọláṣadé fi dún. Obìnrin kan tó ń sá kòkó ni.

"Bàbá tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ igi yìí, inú ahéré mi ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ àwọn."

Nígbà tí ọlọ́kadà gbé wọn débẹ̀, ẹsẹ̀ bàbá ti wú. Motúnráyọ̀ gbé omi fún wọn, wọ́n mu ún láìsinmi.

"Ulé ni mò ń lọ," wọ́n sọ fún ọmọ wọn, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

Fọláṣadé kúnlẹ̀, ó fi ìborùn rẹ̀ nu eruku lẹ́sẹ̀ wọn. Ọlọ́kadà ti yí ọ̀kadà sí apá Arámọkọ, ó ń dúró.

"Rárá," Fọláṣadé sọ fún un. "Ẹ yí i padà. Ẹ̀rìjìyàn là ń lọ."