Ooru Tó Sọnù Lẹ́nu Ẹ̀mú

Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀, Eunice, ti kú, yàrá kan ṣoṣo ni Baba Israel ń gbé nínú ilé ńlá tí wọ́n jọ rà ní Ellenwood, ní Amẹ́ríkà. Ó ń gbá àwọn yàrá yòókù lóòótọ́, ó ń ṣí fèrèsé wọn kí atẹ́gùn lè wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ohun mìíràn tó ń gbé e débẹ̀. Israel ọmọ rẹ̀ wà ní Seattle. Bí ó bá pe bàbá rẹ̀, inú mọ́tò ló ti máa ń pè é, bí mọ́tò bá sì ti dé ibi tó ń lọ, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Baba má gbọ́ ohùn ènìyàn àfi ti tẹlifíṣọ̀n, àti ti ẹni tó ń gbé ẹrù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun náà kì í sì í dúró gba ìkíni.

Ìdí nìyí tí ọjọ́ Sátidé fi dùn mọ́ ọn. Sátidé ni Yẹ́misí, nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, máa ń já Ṣèyífúnmi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó lọ sí shift. Ọmọ náà wà ní high school, físíìsì sì ti fẹ́ mú un lómi. Yẹ́misí ló gbọ́ pé Baba fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Ìkirè, kí ó tó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà, níbi tó ti fi ìyókù agbára rẹ̀ ru páálí nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Morrow. Nígbà tí Yẹ́misí wá bẹ̀ ẹ́, kò tíì sọ̀rọ̀ délẹ̀ tí Baba ti ní, "Mú un wá. Kó má sì jẹun wá o, màá dín dòdò."

Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí à ń sọ yìí, Yẹ́misí kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnì mọ́tò. Ó yọrí lójú fèrèsé.

"Baba, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, sà. Lab kan ṣoṣo ló kù tí tíṣà ní kó tún ṣe. Tó bá ti yanjú lónìí, a ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́. A ti fẹ́ kó lọ sí Lilburn, ibẹ̀ náà ló ti máa máa ṣe SAT class ní Sátidé, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì yẹn."

"Tí kò bá yanjú ńkọ́?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn, SAT á dúró. Ṣùgbọ́n á yanjú, lórúkọ Jésù!"

"Àmín," ni Baba wí. Àmín náà kò fi gbogbo ara jáde.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò le lójú Baba. Tíṣà ti fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ègé irin kékeré kan. Alumíníọ̀mù ni ti Ṣèyífúnmi. Tíṣà ní kí wọ́n wá iye ooru tí gíráàmù kan nínú rẹ̀ nílò kí ó tó lè fi dígírì kan gbóná sí i. Wọn yóò se irin náà títí yóò fi gbóná tó omi híhó, wọn yóò fi ẹ̀mú yọ ọ́, wọn yóò sì yára gbé e sínú omi tútù tí wọ́n ti wọ̀n sínú kalorímítà, ife tí wọ́n fi ń wọn ooru. Irin yóò máa tutù, omi yóò máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, títí àwọn méjèèjì yóò fi bára dọ́gba. Ooru tí irin pàdánù ni omi jèrè, nítorí náà, ẹni tó bá ti mọ èrè omi ti mọ àdánù irin.

Ní Ìkirè, ife bàbà ni kalorímítà tí Baba ń lò, wọ́n fi òwú wé e yíká, wọ́n sì gbé e sínú àpótí pákó. Èyí tí Ṣèyífúnmi kó jáde nínú báàgì rẹ̀ ni ife fóòmù méjì, ọ̀kan nínú èkejì, pẹ̀lú ìdérí páálí tí wọ́n dá ihò sí fún tẹmọ́mítà.

"Ife kọfí!" Baba bú sẹ́rìn-ín.

"Baba, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Fóòmù kì í jẹ́ kí ooru jáde."

"Mo mọ̀. Mò ń kí i káàbọ̀ ni."

Wọ́n ṣe é, wọ́n ṣírò. 0.74 ló jáde. Ìwé sọ pé 0.90 ni ti alumíníọ̀mù, tíṣà sì ti sọ pé ohun tó bá jìnnà sí i púpọ̀, òun kò ní gbà á.

Ṣèyífúnmi di orí mú. "Baba, heat yẹn ti japa."

"Ó japa lọ síbo? Ooru ò ní físà lọ́wọ́. Ibi tó bá tutù ló ń forí lé. Jẹ́ ká wá a lọ."

Inú Baba dùn bí ọmọdé. Ó yẹ ìdérí wò, ó yẹ tẹmọ́mítà wò. Ó wo bóyá irin náà fara kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó rí i pé atẹ́gùn AC ń fẹ́ sórí tábìlì, ó lọ pa á. Wọ́n tún un ṣe. 0.76.

"Nǹkan mìíràn wà," ni Baba wí. Ó dìde lọ sídìí fíríìjì láti mú malt tútù wá.

Ìlẹ̀kùn máíkírówéèfù ń dán bíi dígí. Ibẹ̀ ni Baba ti rí ọmọ náà lẹ́yìn ara rẹ̀. Ó ń kọ àwọn nọ́ńbà sílẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ ọ́, ọwọ́ náà sì yá bí ẹni ń ṣeré. Bí Baba ti yíjú padà, bírò ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Baba dúró pẹ̀lú malt lọ́wọ́. Ó wá rántí bí ẹ̀mú ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ ọ̀tún ọmọ náà. Yóò gbé irin sókè, irin yóò yọ̀, yóò tún un dì mú, yóò tún yọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, omi tó rọ̀ mọ́ irin náà ń di èéfín lọ sókè, ooru sì ń bá a lọ. Kí irin tó dé inú ife, ó ti tutù ju bí wọ́n ti rò lọ.

Ó mọ ohun tó fa ọwọ́ ọ̀tún náà pẹ̀lú. Nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá, ó na ife omi sí i pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Baba kò gbà á. Ó ní, "Ọwọ́ wo nìyẹn?" ó sì gbójú sókè sí àjà títí ọmọ náà fi pààrọ̀ ọwọ́, tó sì kúnlẹ̀. Ó dájú pé Yẹ́misí bá a sọ ọ́ nínú mọ́tò, nítorí láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì kò tún yọjú nínú ilé yẹn mọ́. Baba rò pé àìmọ̀ Amẹ́ríkà ni. Kò wá sí i lọ́kàn pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn.

Ó jókòó. Ó ṣí malt, ó sì dà á sínú ife méjì.

Bó bá dákẹ́, Sátidé tó ń bọ̀ yóò tún rí bíi ti òní. Kò ní purọ́, kò ní ba nǹkan kan jẹ́, ẹnu rẹ̀ nìkan ni yóò pa mọ́. Tíṣà yóò dúró, SAT yóò dúró. Ẹnìkan yóò tún tẹ aago ẹnu ọ̀nà.

"Jẹ dòdò ẹ," ló wí. "Ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Bóyá Sátidé tó ń bọ̀..."

Ṣèyífúnmi fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Rárá, Baba. Màá kàn drop physics ni. Gbogbo class ló rí tiwọn ṣe. Èmi ni problem yẹn, mo mọ̀."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ iye bàtà tó ń wọ̀. Baba gbé fọ́ọ̀kì tirẹ̀ sílẹ̀ náà.

"Ṣèyífúnmi. Ọwọ́ wo lo fi ń kọ̀wé?"

Ọmọ náà kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tábìlì. "Ọ̀tún, sà."

"Mo ti rí ẹ."

"...Òsì, sà. Ṣùgbọ́n Mummy ní nílé yín..."

"Mo mọ ohun tí mummy ẹ sọ, èmi ni mo sì fà á. Fi ẹ̀mú yẹn sọ́wọ́ òsì."

"Níwájú yín?"

"Níwájú mi. Irin ò mọ àgbà."

Ọmọ náà wò ó bóyá ó ń dẹ òun wò ni. "Ṣé kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀?"

"Tó o bá lọ ń kúnlẹ̀, ooru á tún lọ!"

Wọ́n ju irin padà sínú ìkòkò, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi hó yàà. Lẹ́yìn náà Ṣèyífúnmi dìde, ó ki ẹ̀mú bọ inú ìkòkò, ó sì yọ irin bí ẹni já ọsàn. Kò gbọ̀n, kò yọ̀. Èéfín kò tíì rójú ṣú tí ìdérí ti bò ó. Wọ́n pa orí pọ̀ sórí tẹmọ́mítà, ó ń gùn díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi gùn mọ́.

0.88.

Ọmọ náà pariwo. Ó fò mọ́ Baba lọ́rùn, malt dà sórí ìwé. "Baba, ẹ wò ó! Kì í ṣe èmi! Kì í ṣe èmi ni!"

"Ìwọ ni," ni Baba wí. "Ìwọ lo ṣe é."

Ọmọ náà jókòó ti laptop, ó tẹ iṣẹ́ náà, ó fi í ránṣẹ́ sí tíṣà. Baba jókòó tì í, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, fèrè mọ́tò dún níta.

Yẹ́misí sọ̀ kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ náà ló ti kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Baba, ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ẹ ó jẹ èrè ọmọ. Ẹ gbọ́dọ̀ wá kí wa ní Lilburn o!"

"Màá wá."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ̀ pé highway ni wọ́n ń gbà dé Lilburn, Baba kì í sì í wa mọ́tò gba ibẹ̀ mọ́. 

Ṣèyífúnmi sáré padà wọlé, ó fi ègé irin náà lé Baba lọ́wọ́. "Tíṣà ò ní gbà á padà. Ẹ máa lò ó." Lẹ́yìn náà ó wọ mọ́tò. Ó ń juwọ́ títí mọ́tò fi yà sójú títì.

Baba ti ìlẹ̀kùn. Ó nu malt tó dà sílẹ̀, ó fọ àwo dòdò. Omi inú ìkòkò ṣì gbóná, ife fóòmù sì wà lórí tábìlì. Ó dúró díẹ̀, ó wá tan iná sí ìkòkò padà. Ó wọn omi tútù, ó ju irin sínú omi híhó, ó mú ẹ̀mú.

Ó gbé e kíá. Ó dé e. Ó rọ̀ mọ́ tẹmọ́mítà, ètè rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń ka dígírì náà. Ẹ̀yìn páálí kan ló fi ṣe ìṣirò, ó sì fọkàn sí i bíi pé kíláàsì dúró tì í.

0.90 gan-an ló jáde.

"Ó bọ́ sí i!" ni Baba wí, ó sì gbé páálí náà sókè láti fi hàn.

Ó gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra gbé e kalẹ̀, ó sì ti àga Ṣèyífúnmi tó kọjú sí tirẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì.